Sí Yẹmisí, Nípa Èéfín Ilé Púpurú

Ìjù-Odò,
lọ́nà Òkìtìpupa.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Yẹmisí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Àwa náà wà láàyè níbí, a sì ń dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún òun ti fúyẹ́ díẹ̀. Èmi náà jí, mo fi ẹ̀rọ tí o rà fún mi wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mo sì tún un wò lẹ́ẹ̀mejì sí i nítorí n kò gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Ó dára nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọlọ́run yóò bù kún ọwọ́ tó rà á.

Inú ìdì púpurú tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́ ni mo fi lẹ́tà yìí sí. Mo ti bẹ dẹ́rẹ́bà lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kó má gbé ẹrù wúwo lé e lórí. N kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù. Lórí fóònù, kí n tó la ẹnu, wàá ti ní, "Mo wà dáadáa, Bàbá, ẹ má ronú," wọ́n á sì ti máa pè ọ́ ní wọ́ọ̀dù. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin níbẹ̀ ni mo ti ń dúpẹ́ lórí eékún, láti ìgbà náà gan-an ni ẹ̀rù sì ti ń bà mí. Ìwọ náà mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé, kí n má baà fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí o wá bá wa ṣe Ọdún Àjíǹde, ní ọ̀sán Sátidé, mo lọ pè ọ́ wá jẹun. Mo bá ọ nínú ilé púpurú ìyá rẹ, ibi tó ti ń fi èéfín yan ẹ̀gẹ́ rẹ̀. O jókòó sórí àpótí, o kọjú sí ààrò, o ń fi etí ìró nu ojú.

Mo ní, "Yẹmisí."

O ní, "Èéfín ni o, Bàbá."

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́. Oúnjẹ ti délẹ̀." Mo sì yí padà.

Lẹ́yìn tí o jáde, mo wọlé, mo gbé ọwọ́ lé òkúta ààrò. Ó tutù. Ìyá rẹ kì í dá iná púpurú láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ ìjìyà Olúwa títí Ọjọ́ Ajé Àjíǹde yóò fi kọjá. Ìwọ náà mọ̀, àṣà rẹ̀ ni láti kékeré rẹ. Kò sí iná, kò sí èéfín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń sọ "pẹ̀lẹ́", ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun tí o lè sọ bà mí, ni mo bá lọ jókòó ti oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, ara kò rọ̀ mí.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa bí a ṣe ń tọ́jú ara àti ọkàn. Mo mọ̀ pé ìwọ ni nọ́ọ̀sì, èmi ni aláìsàn. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Fi sùúrù bá mi kà á. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, inú àṣìṣe ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ń dúpẹ́ pé àwọn àṣìṣe náà kò pa mí.

Èkíní ni oúnjẹ. Nígbà tí o wà nílé, orí ìdúró ni o ti ń jẹun. Àwo wà lọ́wọ́ rẹ kan, fóònù wà ní èkejì, o sì ń gbé e mì bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ìyá rẹ rí i, èmi náà rí i. Ọwọ́ mi ni o ti kọ́ ọ, nítorí náà n kò lè bínú. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ epo pupa, tí mo ń kọ ìwọ̀n ẹyìn tí lọ́rì bá kó dé, mínírà kan àti búrẹ́dì ni mo máa ń fi di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá wá délé, ìyá rẹ á ro púpurú tó tóbi bí orí mi, pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbo, èmi á tún bu iyọ̀ sí i láìtíì tọ́ ọ wò. Bí mo bá ti jẹ ẹ́ tán, mo ti lọ dùbúlẹ̀. Mo máa ń fi í yangàn pé ọkùnrin tó lè fi ebi ṣiṣẹ́ ni mí. Ọgbẹ́ inú ló fi hàn mí pé kì í ṣe ohun tí a fi ń yangàn. Ọmọ mi, jókòó kí o tó jẹun. Jẹ ẹ́ lásìkò. Mu omi, kí o dín mínírà kù. Wọ́ọ̀dù yín kò ní wó bí o bá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo tiẹ̀ rò pé àwọn nọ́ọ̀sì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ yóò dúpẹ́, wọ́n á ráyè jẹun tiwọn.

Èkejì ni èyí tó wúwo jù, n kò sì sọ ọ́ fún ọ rí.

Nígbà tí ìyá mi kú, o wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé girama ìlú wa. Ìyá mi ti dàgbà dáadáa, ó ti gbé ọmọ ọmọ-ọmọ sórí itan. O mọ bí a ṣe ń sin irú àgbà bẹ́ẹ̀ níbí: orin ni, oúnjẹ ni, ijó ni. Nígbà tí omi fẹ́ bọ́ lójú mi ní ẹ̀gbẹ́ pósí, àbúrò bàbá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà.

"Gbójú sókè," ló wí. "Àgbà tó sùn sáàárín ọmọ, ta ní í sunkún rẹ̀? Àbí o fẹ́ kí wọ́n ní ikú oró ló pa ìyá rẹ?"

Mo gbójú sókè. Mo jó. Mo jó débi pé àwọn èèyàn ń sọ ọ́ káàkiri pé àwọn kò mọ̀ pé Akọ̀wé mọ ijó jó tó bẹ́ẹ̀. A sìnkú tán, àlejò túká, omi kan kò jáde lójú mi. Èmi nìkan ni ìyá mi bí lọ́kùnrin, Yẹmisí. Òun ló ru ẹ̀gẹ́ lórí kí n lè wọ bàtà lọ sí ilé-ìwé. Èmi sì rí i tí wọ́n gbé e lọ, mo ń jó.

Ìgbà tó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ jókòó nínú ilé púpurú. O mọ bí ibẹ̀ ṣe kéré tó, tí òrùlé rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí iná bá ń jó lábẹ́ àjà tí a to ẹ̀gẹ́ rìbìtì-rìbìtì sí, kò sí ẹni tó wọ ibẹ̀ tí kò ní fi ojú pupa jáde. Níbẹ̀ ni mo ti rí àyè. Bí omi bá dà lójú mi, èéfín ni. Àwọn tó bá ń kọjá á ní, "Akọ̀wé, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ fẹ́ràn ìyàwó yín o." Mo wá di ẹni tí àwọn obìnrin àdúgbò fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún ọkọ wọn. Mo tiẹ̀ lọ ra oògùn ojú lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì, kí irọ́ náà lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara kò gba irọ́. Orí ń fọ́ mi. Oorun kò kùn mí mọ́. Ọkàn mi ń lù kìkì bí ẹni tó sáré, nígbà tó jẹ́ pé orí àga ni mo wà. Mo ń jágbe mọ́ yín lórí nǹkan tí kò tó nǹkan. Ọjọ́ kan mo gbá ọ létí nítorí o da omi sílẹ̀. Ìwọ lè ti gbàgbé, èmi kò gbàgbé. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a lọ títí ó fi di oṣù keje lẹ́yìn ìsìnkú náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá rẹ jókòó, ó ń fi ọ̀bẹ ha dúdú ara púpurú tó ti gbẹ. Mo wọlé, mo jókòó sí ibi tí mo máa ń jókòó sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú.

Ó ní, "Bàbá Yẹmisí."

Mo ní, "Hùn."

Ó ní, "Iná ti kú láti àárọ̀. Èéfín wo ni?"

Kò gbé ojú sókè. Mo kàn bú sẹ́kún bí ọmọdé. Kò dì mọ́ mi, kò ní kí n dákẹ́, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Ó ń ha púpurú rẹ̀ lọ. Ìró ọ̀bẹ yẹn, kàrà, kàrà, ni mo ń gbọ́ títí mo fi sunkún tán. Nígbà tó yá, ó ní, "Wọ́n tó ẹni tí à ń sunkún. Ìyá rere ni wọ́n. Ẹ wá bá mi gbé agbọ̀n yìí." A jọ gbé e. Ọjọ́ yẹn ni mo sin ìyá mi.

Títí di òní, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà lẹ́nu aládùúgbò kankan. Bí mo bá ń ka oore tí Ọlọ́run ṣe fún mi, ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn wà lára àwọn tí mo kọ́kọ́ ń kà.

Ní ọjọ́ kejì ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wé aṣọ mọ́ mi lápá, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó tún un wé. Ó ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ sùn dáadáa gbẹ̀yìn?"

Mo ní, "Mo ń sùn."

Ìyá rẹ ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn. Igi òrùlé ni wọ́n máa ń kà. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọ́n á sọ iye tó wà níbẹ̀ fún yín."

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó wá sọ fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbé mì máa ń wá ibòmíràn jókòó sí nínú ara. Mo rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí o sọ fún wa pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ìwọ náà fẹ́ kọ́. N kò jiyàn, àbí mo jiyàn? Mo kàn béèrè bóyá abẹ́rẹ́ kò ní máa gún ọ lọ́wọ́.

Ibi tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọlé nìyẹn, ìwọ náà sì mọ ohun tí mo fi ṣe. Mo lò ó fún oṣù mélòó kan, ara mi yá, mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Mo ń gbà á nílé ìwòsàn, mo ń kó o sínú agolo mílíìkì de ọjọ́ tí orí bá fọ́ mi. O ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, o wá sinmi nílé, o sì ká agolo náà mọ́ mi lórí pẹpẹ. Mo rò pé wàá pariwo.

O kàn ní, "Bàbá, tí òjò bá dá, ṣé ẹ máa ń ká òrùlé ni?"

Mo bínú sí ọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà mo gbé oògùn sí ẹ̀gbẹ́ ife tí mo ń ki búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fọ ẹnu, mo lo oògùn. O ṣeun, ọmọ mi. Ohun tí o sọ yẹn ló jẹ́ kí n ṣì ní ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ. Jọ̀ọ́, ìwọ náà, kí ẹlòmíràn máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru tìrẹ. Má ṣe dá a wò ní kọ̀rọ̀ kí o má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ kí n fi ti ìrònú sí i. Ìyá rẹ mọ̀ pé òun kò lè sọ mí di ẹni tí kì í ronú, nítorí náà ó wá ibi tí yóò fi í sí. Bí wọ́n bá kó ẹ̀gẹ́ láti oko dé, ó máa ń gbé agbọ̀n kan síwájú mi, ó á fún mi ní ọ̀bẹ, ó á ní, "Ó yá, ẹ máa rò ó." Bí mo bá ń bó ẹ̀gẹ́, mo lè sọ gbogbo ohun tó ń bà mí lẹ́rù: òjò, ọlọ́kadà, fóònù rẹ tí kò wọlé, ìró tí mo gbọ́ nínú àyà mi. Ó á máa dáhùn hẹn, hẹn. Bí agbọ̀n bá ti ṣófo, ọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá tún mẹ́nu bà á lẹ́yìn náà, ó á ní, "Ẹ̀gẹ́ ti tán o. Ó di ti agbọ̀n mìíràn." Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọkàn. N kò mọ ohun tí ẹ ń bó ní Ìlọrin. Bóyá ẹ̀wà ni wàá máa ṣà, bóyá aṣọ ọmọ ni wàá máa ká. Wá agbọ̀n kan fún ìrònú rẹ, kí o sì jẹ́ kó ní ìdí.

Lẹ́yìn náà, máa rìn. Bàbá Ṣọlá, ọ̀rẹ́ mi ará Ìlàjẹ tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, máa ń wá pè mí láràárọ̀, a jọ ń rìn dé etí odò, a ó sì padà. Ìbéèrè tó fi máa ń kí mi ni, "Akọ̀wé, kí lo bá jí lónìí? Ṣé ìyàn ni, àbí àgbàrá?"

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ní, "Yẹmisí kò pè mí láti àná."

Ó ní, "Láti àná? Tèmi kò pè mí láti Kérésìmesì, mo ṣì ń jẹ ẹja mi, mo ń jẹ egungun rẹ̀ mọ́ ọn."

Mo rẹ́rìn-ín dé ilé. Ẹsẹ̀ ni mo rò pé mò ń gbé jáde nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, láì mọ̀ pé ọkàn ni. Wá ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa rìn, kí ó jẹ́ ẹni tó lè fi ọ́ rẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé ó kórìíra rẹ. Àti pé lọ́jọ́ ìsinmi rẹ, pa fóònù ibi iṣẹ́. Sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé o ní nẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo béèrè ni bóyá o ń ta á.

Yẹmisí, mo padà sí ilé púpurú báyìí. N kò mọ ohun tó ń pa ọ́ lẹ́kún. Bóyá ọ̀rọ̀ ilé ni. Bóyá àwọn tó ń kú lójú rẹ ni, tí o gbọ́dọ̀ fi aṣọ bò, kí o sì yíjú sí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé e. Bóyá aṣọ funfun yẹn náà ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ níhà pé kí o gbójú sókè. Bí o kò bá fẹ́ sọ ọ́ fún mi, n kò ní bínú. Mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ sá. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ fún ẹnì kan. Sọ ọ́ fún ọkọ rẹ, ọmọ rere ni, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bí i. Bí ó bá ju agbára rẹ̀ lọ, dókítà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọkàn wà ní ilé ìwòsàn yín. Lọ jókòó níwájú rẹ̀ bí o ṣe máa ń ní kí àwọn ẹlòmíràn lọ jókòó. Kì í ṣe wèrè. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í tijú láti tiro lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Má ṣe dúró di oṣù keje bíi tèmi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọ́ fún wa. Mo dúpẹ́ fún ẹ̀rọ, fún ọ̀rọ̀ òrùlé, fún bí o ṣe ń pè wá kí o tó bọ́ síbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ni o fi ń sọ̀rọ̀. Bí ìwé yìí bá ń rùn èéfín, má fòyà. Ara púpurú tó wà nínú ìdì ló ti gbà á. Ìyẹn jẹ́ èéfín tòótọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò ní sùn títí dẹ́rẹ́bà yóò fi sọ pé ìdì ti dé ọwọ́ rẹ.

Mo ti fẹ́ pa ìwé dé nígbà tí ìyá rẹ ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun. Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ títí mo fi parí. Ó wá ní, "Ẹ kọ gbogbo èyí, ẹ kò sì bi ọmọ léèrè."

Mo ní, "Kí ni n kò bi í?"

Ó ní, "Ohun tí mo bi yín lọ́jọ́sí."

Òótọ́ ló sọ. Nítorí náà mo mú bírò padà. Yẹmisí ọmọ mi, ààrò tutù ní ọjọ́ náà, mo fọwọ́ kàn án. Èéfín wo ni?